Ẹni Karùn-ún Tó Kúnlẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ pè mí ní nọ́ọ̀sì, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Aláwàdà ni láti ìgbà tí a ti mọra. Mo gbé tíì lé e lọ́wọ́, ó gbà á, ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nọ́ọ̀sì wo, èmi tí mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì náà, ó mu ún díẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ti fèrèsé.

Ìgbà tí mo ń ti fèrèsé ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó pè mí ló dùn mí. “Ẹ” tó fi sí i ni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ “ẹ” fún mi rí. Òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni àbúrò. Èmi ni mo máa ń sọ “ẹ” fún un, òun a sì fi “ìwọ” dá mi lóhùn.

Ẹni tí kò bá tíì dàgbà lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí èèyàn wà ní kékeré, gbogbo ayé ló ń pè é ní ìwọ: ìwọ wá, ìwọ lọ, ìwọ gbálẹ̀. Èèyàn á máa retí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ “ẹ” fún òun náà. Ọjọ́ ọ̀hún máa ń dé. Bàbá lọ, ìyá lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ náà lọ. Lọ́jọ́ kan wàá wò yí ká, gbogbo ẹni tó kù ló ń sọ “ẹ” fún ọ. Ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ti ń fá irùngbọ̀n, àwọn obìnrin tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Mummy, ẹ káàárọ̀. Mummy, ṣé ẹ ti jẹun. Ọ̀wọ̀ ni, mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún mi ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tó lè sọ pé “ìwọ yìí, gbẹ́nu ẹ dákẹ́,” òun náà ló wá ń sọ “ẹ ṣeun” fún mi yìí.

Thamesmead ni mo ń gbé, ní àjà kẹfà, yàrá kan àti pálọ̀. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń rí adágún omi àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n máa ń dí ọ̀nà bíi pé àwọn ni káńsù fún nílé. Ọmọ mi ló mú mi wá sí ìlú yìí kí n lè bá a tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo tọ́ wọn, wọ́n dàgbà. Mo ń tún ọ́fíìsì ṣe fún ọdún púpọ̀, ìyẹn náà parí. Ọmọ mi ti kó lọ sí ìlú mìíràn nítorí iṣẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní rárá, mo ti mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ibí. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ohùn àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ni ti lífìtì, obìnrin inú rẹ̀ tó máa ń sọ lédè òyìnbó pé ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Mo máa ń dá a lóhùn. Mo ń sọ fún un pé ó ṣeun.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdì kejì odò, ní North Woolwich, nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ, nítorí ọjọ́ náà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, mo ń rìn sọ̀kalẹ̀ sí etí odò, mo ń wọ fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá. Ọ̀fẹ́ ni. Kí èèyàn tó jókòó dáadáa, ó ti gúnlẹ̀. Bí fẹ́rì kò bá ṣiṣẹ́, mo máa ń gba ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ odò. Ó gùn, ó tutù, ìró ẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ̀lé ọ bíi pé ẹlòmíràn ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Kì í sí ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe é fún mi. Ó ní bíi agbọ̀n tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ohun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sókè ló máa kọ́kọ́ dànù, tìsàlẹ̀ ló máa pẹ́ jù. Ó ní kí n máa mú nǹkan àtijọ́ wá fún wọn, bíi fọ́tò, bíi orin. Mo ní mi ò ní fọ́tò. Ọ̀kan ṣoṣo tí a yà lọ́jọ́ fírídọ̀mù wa, òjò ti wọ ilé pa á.

Ilé ìránṣọ la ti mọra, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa márùn-ún la jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, èmi sì ni ìwé mi kéré jù, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olórin kan wà lókè òkun tí orin wọn kì í kúrò lórí rédíò. A kò gbọ́ èdè wọn, à ń kọ ọ́ bí etí wa ṣe gbé e fún wa ni. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ké nípa ìfẹ́. Ìgbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni mo tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ohun tí àwa ń kọ ni “ẹ̀bà ló kù, ẹ̀bà ló kù,” a sì ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì tẹ̀lé e, gbogbo wa pa pọ̀, títí ọ̀gá wa á fi sọ pé òwú ti já mọ́ òun lọ́wọ́.

Kọ́sítọ́mà kan ló gbé páálí àwo orin wọn wá, pé irú gáùn tó wà lára wọn ni kí a rán fún òun. Kò padà wá gbé páálí náà. Ọ̀gá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì tí a ti ń lọṣọ, èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú sì ń rú sí i lójoojúmọ́.

A pín àwọn obìnrin náà láàárín ara wa. Nílé ìránṣọ, ẹni tó bá ti ṣáájú ẹ dé, o kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gbàgàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni yín lọ́jọ́ orí. Bí ìyàwó ilé ṣe máa ń fún àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwa náà fún ara wa. Ẹni tó dàgbà jù mú èyí tó dé fìlà, ó di Onífìlà. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń sọ yìí. Èkejì mú èyí tí àlàfo wà láàárín eyín rẹ̀, ó di Eléjí. Ẹ̀kẹta ni Onírun, irun orí ẹni tirẹ̀ tó agbòjò. Ẹ̀kẹrin mú èyí tó gbé nǹkan kan bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

Ó ku ẹnì kan nínú páálí, ó ku èmi. Obìnrin náà wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ó kúnlẹ̀ síwájú Onífìlà, ó tẹrí ba, a kò rí ojú rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa, a kò sì béèrè. Obìnrin tó bá kúnlẹ̀ síwájú obìnrin mìíràn, kí ni ìbá tún máa ṣe? Ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òun ló kéré jù nínú wọn. Onífìlà nàka sí i, ó ní, “Ìwọ nìyẹn. Àwọn ará òkè òkun náà mọ̀wàhù, wọ́n kọ́ àbúrò wọn dáadáa.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Akúnlẹ̀. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní àkúnlẹ̀yàn mi nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í pa á dà.

Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ díẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn fìlà yẹn. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn obìnrin tèmi ju gbogbo wọn lọ. Bí mo bá ń lọṣọ, òun ni mò ń wò. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà wọ́n ní fọ́tò. Tèmi nìkan ni kò wo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní nọ́ọ̀sì ni mo rí wọn. Mo ti ra èlùbọ́ àti ata ní Powis Street ní Woolwich, mo gba ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè yà fún èrò, ni mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ọmọlangidi. Kì í ṣe ti ọmọdé. Àwọn àgbàlagbà ló ń rà á, wọ́n á kó o jọ, wọn ò ní fi ṣeré. Onífìlà dúró lójú gíláàsì, kò ga ju ìka àárín mi lọ. Fìlà yẹn náà ni, gáùn yẹn náà ni, àní títí kan ìkákò tó wà létí apá rẹ̀ tí a fi ọjọ́ mẹ́ta wá ọ̀nà àtirán nígbà náà. Mo dúró, ata fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ará Ìbàdàn làwọn òbí rẹ̀, ibí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kò sí “ẹ” nínú tirẹ̀ rárá. Ó ní, “Mummy, kí lo fẹ́? Ṣé o mọ̀ wọ́n?” Bó bá jẹ́ ìgbà kan rí ni, ǹ bá ti jókòó tì í kọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá a wí. Mo tilẹ̀ tún béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní inú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni wọ́n wà, ẹni tó bá rà á kò ní mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ títí á fi ya á. Ó ní adùn rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ta ló ń ra iṣu nínú àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “O le o, Mummy.” Ó yí ẹ̀yìn páálí kan sí mi. Àwọn mẹ́rin wà níbẹ̀, àwòrán wọn hàn kedere: Onífìlà, Eléjí, Onírun, Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹni karùn-ún dúdú kirikiri, òjìji lásán, kò ní ojú, kò ní imú. Obìnrin náà ní àṣírí nìyẹn, wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn tètè mọ ẹni tó jẹ́, kò sì wọ́pọ̀.

Mo ti mọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tí wọn ò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ nínú páálí àwo, wọn ò jẹ́ ká rí i níbí náà. Ó bá a mu. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjìji náà dúró lórí ìdúró, mo sọ fún ara mi pé òjìji ò ní orúnkún.

Mo wá rò ó báyìí pé: bí mo bá kó àwọn márùn-ún dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi, á tò wọ́n bí a ṣe máa ń tò wọ́n. Bó bá wá kan ẹni karùn-ún, á gbójú sókè wò mí, á ní, “Ìwọ nìyí.” Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń yà ra páálí kan kí n tó sọ̀kalẹ̀ sí fẹ́rì. Mo máa ń gbé wọn wò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń mì wọ́n létí, bí èèyàn ṣe ń wo ẹyin. Eléjí ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Eléjí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Eléjí tún ni. Bó ṣe rí láyé rẹ̀ náà nìyẹn, kò síbi tí wọn ò pè é sí tí kì í dé. Onírun dé, orí rẹ̀ wúwo débi pé kò lè dá dúró, mo fi gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ bàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ike. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òwú mi, wọ́n kọjú sí adágún omi.

Tí mo bá ń jẹun, mo máa ń wò wọ́n. Onírun gan-an, ọmọ kejì ló kú lé lórí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Abidjan, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Eléjí sùn, kò jí, nínú oṣù ààwẹ̀, ọdún kẹta rèé. Ọmọ mi bi mí lórí fóònù bóyá mo ti ń kó ère jọ ni. Mo ní ọmọlangidi ni. Ó ní ibì kan wà nítòsí mi tí àwọn àgbà ti máa ń pàdé láti ta káàdì, ṣé òun lè bá mi forúkọ sílẹ̀. Mo ní màá rò ó.

Nílé ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì náà ni mò ń jẹ́. Ẹ bá mi gbé ìyẹn, nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó, nọ́ọ̀sì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní kí n tètè kó àwọn tí mo ti rí wá, kí n má dúró kó pé, nítorí ojoojúmọ́ ni agbọ̀n ń dànù. Mo ní kò ní pẹ́ pé. Tí mo bá kó mẹ́rin lọ láìsí tèmi, kí ni mo kó lọ? Mo rí Onífìlà níkẹyìn. Ó wá ku ẹnì kan.

Ọjọ́bọ̀ tí mo rí i, obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan páálí fún mi. Ó ní èyí wúwo ju àwọn yòókù lọ. Mo ya á lórí káńtà rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni wúrà. Onífìlà ni, láti fìlà dé bàtà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, ó ń dán yànrànyànràn. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó ní àṣírí náà nìyẹn, àwọn kan ti ń wá èyí láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò rí i. Ó wá rí ojú mi.

Mo ní, “Ẹni karùn-ún dà?”

Ó ní, “Mummy, ẹni karùn-ún wo? Mẹ́rin ni wọ́n.”

Mo ní márùn-ún ni wọ́n, mo ṣàpèjúwe páálí àwo fún un, àti ibi tí obìnrin náà kúnlẹ̀ sí. Ó wá a jáde lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú títí obìnrin mi fi kún inú gíláàsì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i láìsí èéfín. Tẹ́ẹ̀pù wà lọ́rùn rẹ̀. Píìnì mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà létí gáùn Onífìlà, ó ń ká a.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ka àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn páálí àwo náà fún mi. Orúkọ àwọn mẹ́rin wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ya fọ́tò wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí.

Mo ní, “Aránṣọ ni.”

Ó ní, “Mummy, ṣé o ń sunkún ni?”

Mo ní rárá, ẹ̀rín ló ń pa mí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwa aránṣọ márùn-ún, ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń wo aránṣọ ẹgbẹ́ wa lórí ògiri, a kò mọ̀ ọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kọ́sítọ́mà máa ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ ni, a ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó ká etí rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ fún aṣọ. Ìkí nìkan la mọ ìkúnlẹ̀ sí.

Mo fi Onífìlà oníwúrà náà sílẹ̀ fún un, mo ní kó fún àwọn tó ń wá a. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí fẹ́rì. Àwọn ọmọlangidi mi wà nínú báàgì mi, mo ti kó wọn dání láti ilé, bó ṣe dá mi lójú tó nìyẹn. Mo jókòó sísàlẹ̀, níbi tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń jókòó. Mo yọ Eléjí kan nínú mẹ́ta, mo gbìyànjú láti tẹ orúnkún rẹ̀ bóyá ó máa kúnlẹ̀. Kò tẹ̀. Mo dá a padà. Mo bi ara mi léèrè bóyá kí n padà sílé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti ṣí, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń retí mi kó tó lè lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn tó jáde, mo gbé tíréè ka ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo to àwọn mẹ́rin sórí rẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó gbé Onífìlà sókè, ó fi kan àyà ara rẹ̀. “Onífìlà,” ó ní. Ó fọwọ́ kan èkejì. “Eléjí. Olófòófó.” Ó pe Onírun, ó pe Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò ṣì wọ́n pè. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ìgbà yẹn, ohùn ẹni tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Mo sún mọ́ ọn. Ó wá na ọwọ́ sí apá òsì tíréè náà, ó ń fi ìka wá nǹkan níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn.

Ó ní, “Akúnlẹ̀ dà?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé.”

Ó gbójú sókè. Ó wò mí, ó wo irun funfun tó yọ lábẹ́ gèlè mi, ó wo ọwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín sí àlejò. Ó ní, “Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ọmọdé ni. Ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò kọ̀wé sí wa. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi wá a.”

Mo ní màá wá a.

Bọ́ọ̀sì kọjá níta. Nígbà tó fẹ́ dìde lọ wo ojú fèrèsé, mo rí i pé etí gáùn rẹ̀ ti tú, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Èyí tí mo lè ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n nínú báàgì mi, òwú dúdú wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ gáùn náà fún mi, ó kọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n máa bọ́ aṣọ lára òun mọ́. Mo ní ó dáa, kó di ẹ̀yìn àga mú, kó dúró jẹ́ẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti ìgbà yẹn mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kan lára àga, ọwọ́ kan nílẹ̀. Mo tẹrí ba sí etí aṣọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó gbé ọwọ́ lé gèlè mi kó má bàa ṣubú. Mo ti rán an bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó tó sọ̀rọ̀.

“Rọra,” ó ní. “Má gún mi lẹ́sẹ̀. Ìwọ yìí, ojú ẹ kì í gbé ojú kan.”

Mo dúró. Mi ò gbójú sókè, nítorí mo mọ̀ pé bó bá rí ojú mi, ó parí nìyẹn. Etí gáùn náà ni mò ń wò. Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Máa rán an lọ. Rán an kó gún. Ọ̀gá ń bọ̀.”

Mo ń rán an lọ. Mi ò gún abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rán an bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Ó tún sọ pé ta ló jẹ ẹ̀wà tí òun bò mọ́lẹ̀, mo ní Eléjí ni, ó ní òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lókè orí mi. Nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo ta òwú náà ní kókó, mo fi eyín gé e. Mo di àga mú, mo dìde.

Ó wò mí. Ó wo ìsàlẹ̀ gáùn rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì,” ó ní. “Ẹ mọ̀ ọ́n rán o.”

Mo to àwọn mẹ́rin náà sójú fèrèsé rẹ̀ kí n tó lọ, mo fi àyè sílẹ̀ lápá òsì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé, ó bi mí bóyá wọ́n dá mi mọ̀. Mo ní wọ́n dá àwọn ọmọlangidi mọ̀. Ó wo gáùn náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti ń rò ó láti ìjẹta pé òun máa rán an. Kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn, lápá òsì, níbi tí kò ti lè kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, mo fi bí ìka mẹ́rin sílẹ̀ láìrán. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá rán ìyẹn.